Abọ́ Kẹta

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì ò sí lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìjọba ti kó wọn lọ sí comunità, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú ilé wa ní Collegno, nítòsí Turin ní Itálì, ní ìdájí, kí n lè lọ nu ilẹ̀ ọ́fíìsì. Baba wọn ti wáṣẹ́ lọ sí Jámánì látìgbà tí fáktọ́rì tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń jí àbúrò rẹ̀, á fọ ojú rẹ̀, á fún un ní búrẹ́dì àti mílíìkì títí màá fi dé. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà ní Ìṣẹ́yìn nìyẹn, kò sẹ́ni tó pè é lọ́ràn. Ní Collegno, aládùúgbò gbọ́ tí kékeré ń sunkún, ló bá pe ọlọ́pàá.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ń jẹ́ kí n rí wọn, fún wákàtí méjì péré, nínú yàrá kan ní Turin tí wọ́n ń pè ní luogo neutro, ìyẹn ibi tí kì í ṣe ti òbí, tí kì í ṣe ti ọmọ. Obìnrin kan, educatrice, òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn láti máa ṣọ́ àwọn ọmọ, á jókòó tì wá pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ohun tó bá kọ ni adájọ́ máa wò kó tó pinnu bóyá àwọn ọmọ á padà wálé. Èmi tí mi ò bẹ̀rù ẹnu ẹnikẹ́ni, bírò obìnrin yẹn ń já mi láyà.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ ni pé mi ò kì í bá àwọn ọmọ mi ṣeré. Inú bí mi gan-an. Ṣé ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ni? Ọmọ ló ń bá ọmọ ṣeré, ìyá ń wá ohun tí wọ́n á jẹ. Lọ́yà mi, ọmọbìnrin ará Itálì kan tí wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ní kí n yéé jiyàn, kí n wá nǹkan kan tí èmi àti àwọn ọmọ á jọ ṣe. Ilé ìdáná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá yẹn. Ìgbà yẹn ni mo rántí obìnrin ará Kòríà kan tí mò ń bá nu ilé rẹ̀.

Òun àti ọkọ rẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ orin ní Turin ni. Lọ́jọ́ Sátidé, á po ìyẹ̀fun pẹ̀lú omi àti iyọ̀, á gbé ọmọ rẹ̀ sórí àga, wọ́n á jọ fi igi yí i títí á fi fẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á wá fi ọ̀bẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ọbẹ̀ olómi. Kalguksu ló ń pè é. Ó ní núdù tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìyẹ̀fun á kún orí ọmọ, á kún ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Mo máa ń wò wọ́n bí ẹni ń wo wèrè. Nílé tiwa, bí mo bá ń dáná, ńṣe ni mo máa ń lé ọmọ jáde kí epo gbígbóná má baà ta sí i lára. Ṣùgbọ́n mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Kò bi mí nídìí. Ó tún bu ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ náà fún mi, tí òórùn rẹ̀ jọ ti edé.

Mo ru ìyẹ̀fun, ọ̀dùnkún, àti adìẹ tí mo rà lọ́wọ́ alápatà Mùsùlùmí lọ síbẹ̀. Kékeré gun orí àga, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìyẹ̀fun. “Mamma, appiccica!” Ó ń pariwo pé ó ń lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Mo fi ìyẹ̀fun kan imú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu. Bí mo ṣe na ọ̀bẹ sí ẹ̀gbọ́n pé kó gé e, mo rí i tí bírò yẹn gbéra. Kíá ni mo gba ọ̀bẹ padà. Èyí tí mo gé fẹ̀ bí okùn bàtà, ṣùgbọ́n ó jinná, ó sì dùn.

Mo bu abọ́ méjì. Mo ya gbogbo ẹran adìẹ náà kúrò lára egungun, mo pín in sínú abọ́ wọn, mo wá jókòó sí òdìkejì, mo káwọ́ lé itan, mò ń wò wọ́n. Kò sí ohun tó tún tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ láyé.

“Mamma, tu non mangi?” Kékeré fẹ́ mọ̀ bóyá mi ò ní jẹun.

“Mo ti yó,” mo dá a lóhùn. Láti àárọ̀ mi ò tíì fẹnu kan nǹkan kan.

“Lei mangia sempre dopo.” Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́ fún un láìgbójú sókè, pé ẹ̀yìn àwọn ni mo máa ń jẹun. Bí ìyá tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n fẹnu kan oúnjẹ kí àwa ọmọ tó jẹ tán. Inú mi dùn bí mo ṣe ń padà sí Collegno lọ́jọ́ náà, mo ní mo ti yege.

Lẹ́yìn oṣù kan, lọ́yà ka ohun tí obìnrin oníbírò náà kọ sí mi létí. Ó ní ìyá ò bá àwọn ọmọ jẹun. Ó ní kò bu tirẹ̀, ńṣe ló jókòó lọ́tọ̀ tó ń wò wọ́n, ó dà bíi pé ọkàn rẹ̀ jìnnà sí wọn. Mo ní kó tún un kà. Mo fi Yorùbá pariwo nínú ọ́fíìsì rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ebi tí mo fi ara mi pa nítorí àwọn ọmọ mi ni wọ́n ń pè ní àìnífẹ̀ẹ́!

Mo wá ṣe àṣìṣe kan tí mi ò tíì dárí rẹ̀ ji ara mi. Nígbà tí a tún pàdé, mo rọra sọ fún ẹ̀gbọ́n ohun tí wọ́n kọ. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, kí obìnrin yẹn má baà gbọ́. Ọmọ náà mi orí.

Ìpàdé tó kẹ́yìn kí adájọ́ tó pinnu, a tún se núdù yẹn. Abọ́ mẹ́ta ni mo kó sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kí n tó nawọ́ sí ṣíbí ìbubẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti gbà á. “Faccio io,” ó ní òun ló máa bù ú. Ó bu tèmi kún dẹ́nu, ó kó ẹran lé e lórí, ó bu ti àbúrò rẹ̀, ó sì fi abọ́ kẹta sílẹ̀ lófìfo. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ náà fún mi. Ó wá jókòó sí òdìkejì, ó káwọ́ lé itan.

“Mangia, mamma.” Ó ní kí n jẹun, ó sọ ọ́ sókè kí obìnrin yẹn lè gbọ́.

“Ìwọ ńkọ́?”

Látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, èdè Itálì ló fi ń dá mi lóhùn. Ó wò mí lójú, ó ní, “Mo ti yó.”

Ó yẹ kí n fà á mọ́ra, kí àwa méjèèjì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Ṣùgbọ́n bírò ni mò ń wò. Mo jẹ ẹ́. Mò ń gbé e mì, títí mo fi mu omi rẹ̀ tán pátápátá. Ọmọ mi ń wò mí, inú rẹ̀ ń dùn.

Obìnrin náà kọ ọ́. Ó kọ ọ́ pé ìyá jẹun. Ó tún kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n ti sọ ara rẹ̀ di ìyá fún àbúrò rẹ̀ àti fún ìyá rẹ̀, pé ó febi pa ara rẹ̀ kí ìyá lè jẹ, pé ó yẹ kí wọ́n gba ẹrù yẹn lórí rẹ̀. Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìdílé kan ní Padua, tí reluwé ń gbà ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù.

“Mamma, l'ha scritto che hai mangiato?” Ó fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin yẹn kọ ọ́ pé mo jẹun.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó kọ ọ́.

“Tutto?”

“Gbogbo rẹ̀,” mo ní. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

“Allora quando torniamo?” Ìgbà wo wá ni àwọn máa padà wálé.

Mo ní kó gbé fóònù fún àbúrò rẹ̀.