Igún Mẹ́ta Tí Wọ́n Ní Kí Bàbá Mi Wá

Alápatà ni bàbá mi ní Agége kí orúnkún tó ń dùn ún tó lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, tí bàbá mi sì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkẹjà, mọ́ṣáláṣí nìkan ló máa ń lọ. Inú mi dùn nígbà tí mo sọ fún un lọ́jọ́ Sátidé kan pé wọ́n ń kó àwọn ẹyẹ apẹran wá sí pápá kan nítòsí wa kí ará ìlú lè wò wọ́n, tó sì ní òun á lọ.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi okùn pààlà, àwọn olùtọ́jú ẹyẹ dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ tó nípọn. Nígbà tí wọ́n gbé òwìwí jáde, ìyá kan níwájú mi kígbe pé, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ó sì fi ìborùn bo ọmọ rẹ̀ lójú. Èmi náà fà sẹ́yìn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e kọjá lẹ́bàá mi, ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tí kò tíì mọ ibi tó wà ni mo rí.

Igún ló kẹ́yìn. Ó dúró lórí kùkùté igi, wọ́n fi ọ̀já awọ so ó lẹ́sẹ̀. Apá rẹ̀ kan rọ̀ sílẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ẹran tí wọ́n fi májèlé sí ló jẹ, tó fi já bọ́ láti orí igi; àwọn tí wọ́n jọ jẹ ẹ́ ti kú. Àwọn tó ń wá igún ṣoògùn ló ń ṣe é.

Bàbá mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó rìn títí ó fi kan okùn.

"Bàbá, ẹ má bẹ̀rù," obìnrin náà wí.

"Ẹ̀rù ò bà mí, ọmọ mi. Èmi náà ti fi májèlé sẹ́ran fún wọn rí."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Kò wojú mi. Ó ní nígbà tí mo wà ní kékeré, igún pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní ní odò ẹran tí wọ́n ti ń pa màlúù, àwọn ló ń bá wọn palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ọkùnrin kan wá bá òun, ó ń wá mẹ́ta tó fẹ́ fi ṣoògùn, owó gidi ló sì fẹ́ san.

"Ta ni ò mọ̀ pé a kì í pa igún? Mo mọ̀ ọ́n, mo ṣe é. Ìyá ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Mẹ́ta ló ní kí n wá. Mẹ́tàdínlógún ló kú."

Ó ṣí fìlà. "Ẹ forí jì mí," ó wí fún igún náà, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Igún yí ọrùn, ó wò ó, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tún ìyẹ́ àyà rẹ̀ ṣe.

Obìnrin náà sún mọ́ okùn. "Bàbá, àwọn tó ṣì ń ṣe é kì í gbọ́ tiwa. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á gbọ́ tiyín."

Mo wa mọ́tò gba òpópónà Allen lọ sílé. Inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n ara ìyá mi yá nígbà yẹn, ó sì bá wa gbé pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dá a lẹ́jọ́?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n gbé òun lọ sí odò ẹran. Ó jókòó sáàárín àwọn alápatà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe é láé. Ọ̀dọ́kùnrin kan rẹ́rìn-ín: "Bàbá, igún wo ló kù tí a fẹ́ pa?"

"Ohun tí mo wá sọ náà nìyẹn," bàbá mi dáhùn.

Àgbà alápatà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí fa àga sún mọ́ bàbá mi.

"Èmi náà mọ ọkùnrin tó ń wá igún yẹn," ó wí.

Mo jáde lọ dúró síta. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.