Àǹtí Tó Ń Pàtẹ́wọ́ fún Pupa

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ni àǹtí tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́ kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ mi kùnà ni.

"Gírádúéètì, ó pupa! Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yá, tún un ṣe." Gírádúéètì ló máa ń pè mí, torí mo ti jáde ní yunifásítì.

Láti Ọ̀kà ló ti ń wá. Tí ara wa bá ti yá jù, á gbé ọwọ́ wa kúrò lórí kọ̀ǹpútà: "Ìdánwò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ. Ẹlẹ́rìí yín nìyẹn." Ìdánwò náà, ìyẹn àṣẹ kékeré tó ń yẹ kódù tí a kọ fún kọ̀ǹpútà wò, á máa pupa lójú kọ̀ǹpútà títí kódù wa á fi ṣe ohun tó yẹ, á wá di àwọ̀ ewé.

Òun ló bá mi wá iṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní kí n kọ kódù kékeré tí yóò máa wo aago, tí yóò sì máa kí ènìyàn bí àkókò bá ṣe rí. Ní aago méjìlá ọ̀sán, tèmi ṣì ń kí ènìyàn ní "Ẹ káàárọ̀". Ọdún kẹta nìyẹn tí mo ti ń wáṣẹ́. Dípò kí n tún kódù náà ṣe, mo pa ìdánwò aago méjìlá rẹ́. Gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ ewé, wọ́n sì gbà mí.

"Alhamdulillahi!" Àǹtí dì mọ́ mi. "Mú kódù náà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwọn ọmọ tuntun rí i."

Láti ìgbà yẹn, mo ń yẹra fún Àǹtí. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù iṣẹ́ tó lè bọ́ sì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un lónìí, àbí kí n dá ìdánwò yẹn padà, kó pupa níwájú gbogbo wọn? Ṣé yóò ṣì pàtẹ́wọ́?