Àdàbà Tó Di Àkùkọ

Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyá mi máa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ owó. Wọ́n á tẹ́ aṣọ ìnujú lé owó bébà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọrẹ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rọra tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi nà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú nílé wa ní àdúgbò Tafo ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní owó Ọlọ́run kò gbọdọ̀ rún.

Èmi ni mo wá lọ ṣèlérí fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi pé owó ìkórè wọn yóò di àdàbà. Mo ti kọ́ wọn bí a ṣe ń fi bébà ká ẹyẹ náà. Kálukú mú owó bébà sídì márùn-ún wá tayọ̀tayọ̀.

Sátidé tó ṣáájú ìkórè ni mo tó jókòó tì í. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé bébà tí a fi ń ká àdàbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, ṣùgbọ́n owó gùn gbọọrọ, n kò sì lè gé e. Mo ká ibi tó fi gùn jù sábẹ́ àyà, ẹyẹ dojú bolẹ̀. Mo fi kún ọrùn, ó di ràkúnmí. Níkẹyìn mo fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, mo ká a wẹ́wẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, mo gbé e sókè. Ẹyẹ dúró. Kò pẹ́ ló tú, nítorí owó náà ti la ọjà Kejetia kọjá láìmọye ìgbà, ó ti rọ̀ bí àkísà.

Ìyá mi ń wò mí láti ìdí áyọ́ọ̀nù wọn. Mo mọ èrò wọn nípa owó tí a ká, n kò lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi lọ̀ ọ́.

“Kí lo pe ìyẹn?”

“Àdàbà ni, Màámi.”

“Àdàbà tó nírù báyìí? Àkùkọ lo ká yìí.”

Òótọ́ ni. Ọkàn mi bàjẹ́, mo ní àdàbà ni mo ṣèlérí. Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù wọn dúró.

“Àkùkọ ló kọ tí Pétérù fi sunkún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ Olúwa nìyẹn? Kó owó àwọn ọmọ yẹn wá.”

Wọ́n ń lọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, mò ń ká a kó tó tutù. Kò sí èyí tó tú mọ́.

Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn ọmọ fi èdè Twi tí wọ́n ń sọ ládùúgbò wa bi mí pé àdàbà dà. Kí n tó la ẹnu, èyí tó kéré jù nínú wọn ti gbé tirẹ̀ sókè, ó sì kọ bí àkùkọ. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń kọ lọ títí dé iwájú pẹpẹ. Ẹ̀rín gba ìjọ kan, olùṣọ́-àgùntàn wa gan-an kò lè bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń gba ọrẹ bí a bá ṣe mú un wá.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi lọ owó ọrẹ tiwọn bí ìṣe wọn. Wọ́n yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀, wọ́n fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi kí n ká a.