Irin Ìtúlẹ̀ Ọkọ Mi Tí Mo Fọ̀ Mọ́ Tónítóní

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí. Tiyín ni mo máa ń kà, màá rẹ́rìn-ín, màá kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ìgbà òjò tó kọjá, ó sì ti wúwo jù.

Kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ mi, torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ni mò ń bá wọn tọ́jú ní VGC, ẹ̀sítéètì àwọn olówó. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Tí ọmọdé bá fi ìka tó dọ̀tí kan ògiri, èmi ni màá kọ́kọ́ rí i. Tí epo kán sí ẹsẹ̀ tábìlì, màá ti nù ún kí màdáámù tó jí. Wọ́n máa ń sọ pé, "Àǹtí Sìdí, ojú yín yìí, ojú àwòdì ni!" Inú mi a sì máa dùn. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n yin òun?

Ọkọ mi, Bàbá Sọ́fí, wẹ́dà ni ní abúlé Lakowe. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń ṣe fún àwọn ilé tuntun, ṣùgbọ́n oko ni ọkàn ẹ̀ wà. Ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn abúlé yẹn nígbà kan. Wọ́n tà á, wọ́n tà á, ó wá ku ìwọ̀nba. Ìpín ti ọkọ mi wà láàárín ògiri ẹ̀sítéètì kan, níbi tí igi àgbọn tò sí, àti irà. Ibẹ̀ la ti ń gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Bọ̀dá Gàníyù, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, fẹ́ kí wọ́n ta ìyẹn náà. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ẹbí. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àdéhùn kan wà níbẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti parí lọ́dọọdún, àwọn máa wá wo ilẹ̀ náà. Tí ohun ọ̀gbìn bá kún orí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Tí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ bá ṣófo, ó ti di títà nìyẹn.

Bọ̀dá Gàníyù fẹ́ràn àwàdà. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ tó bá ń bọ́ yín, ẹ máa jẹun níbẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá bọ́ yín mọ́, àwa máa jẹ ilẹ̀ náà fúnra ẹ̀!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi wá ra ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré kan, irú èyí tí èèyàn ń dì mú láti ẹ̀yìn tó ń fà á lọ. Àwọn àwo irin roboto wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tó ń gé ilẹ̀, tó sì ń yí i padà. Ẹ̀rọ tó dára ni, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni àwọn tó ṣe é de àwọn àwo yẹn mọ́. Wọn kò ṣe é sún, wọn kò ṣe é gbé sókè.

Ilẹ̀ tiwa sì rèé, ẹni tó bá mọ apá ibí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ilẹ̀ dúdú orí ẹ̀ kò ju ìnípọn ìka méjì lọ níbòmíì. Yanrìn funfun ló wà nísàlẹ̀. Tí àwo bá wọlẹ̀ jù, tàbí tó bá dagun jù, yóò bo ilẹ̀ dúdú mọ́lẹ̀, yóò sì kó yanrìn wá sókè. Kí ló ń hù lórí yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù? Búlọ́ọ̀kù ni!

Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe gé ìdè tó bá ẹ̀rọ náà wá sọnù, tó fi irin ṣe tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ojú gbọọrọ méjì tí bóòtù ń gbà kọjá. Ó máa dẹ bóòtù, ó máa yí àwo sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ó máa gbé e sókè tàbí kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó máa wá dì í pa. Kò sí ihò tí èèyàn lè kà. Ibi tó bá wù ọ́ lo máa dá a dúró sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀, Bọ̀dá Làmídì, fọ́kanáísà ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Àwọn ni wọ́n jọ máa ń ti ẹ̀rọ náà. Wọ́n máa ń fi ọkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Mùfútáù, ọrùn àgùntàn lo jó mọ́ ẹ̀rọ ni, tó ń wo ọ̀tún tó ń wo òsì?" Òun náà á dáhùn pé, "Tí àgbàdo bá gbó, kí n má rí ẹ o."

Àgbàdo náà gbó lóòótọ́. Ọdún méjì tẹ̀ léra. Bọ̀dá Làmídì sì jẹ ẹ́ ju àwa lọ!

Ní àkókò tó ń jó irin yẹn ni kútẹ́ẹ̀sì mi sọnù. Kútẹ́ẹ̀sì pupa, ọ̀kan ṣoṣo tí mo ní, tí mo máa ń lò lọ́jọ́ ọdún nìkan. Mo wá a títí. Mo bi ọkọ mi, ó ní òun fi kun èékánná ìyàwó òun kejì ni. Mo bínú. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì, nítorí kútẹ́ẹ̀sì.

Lẹ́yìn ìyẹn ó pè mí sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ìyá Sọ́fí, wá, jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ẹ́ lára irin yìí." Yúnífọ́ọ̀mù Sọ́fí ni mò ń lọ̀. Mo ní ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì ó tún pè mí, mo ní ọ̀la. Ìgbà kẹta, mo ní kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe? Kò pè mí mọ́.

Lẹ́yìn ìkórè ọdún kejì yẹn, ọjọ́ Jímọ̀ kan ló ní àyà ń dun òun. A ò tíì dé ọsibítù tó fi dákẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, a ti sin ín.

Mo wọ opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Màdáámù mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé iṣẹ́ mi máa dúró dè mí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlá nu ilé onílé, tí wọ́n wá ní kó jókòó sójú kan, kí ni kó fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe? Mo fọ gbogbo aṣọ ọkọ mi. Mo fọ fìlà ẹ̀. Mo fọ bàtà tó fi ń jó irin.

Lẹ́yìn náà mo ṣí tapólì tí wọ́n fi bo ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ náà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó dọ̀tí! Gírísì, amọ̀, koríko gbígbẹ. Mo gbé kẹrosínì, mo gbé kànìnkànìn onírin, mo gbé sáńpépà. Mo ní ọkọ mi kò ní fi irin tó dọ̀tí sílẹ̀ láyé. Lára ìdè tó ṣe yẹn, mo rí àwọn nǹkan pupa kan tó kán sí i, mẹ́ta, wọ́n ti gan mọ́ irin bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. Mo rò pé ọ̀dà géètì ló ta sí i. Méjì tètè ṣí. Ìkẹta kò fẹ́ lọ. Mo mú ọ̀bẹ, mo ha á, mo ha á, mò ń sunkún, mo sì ń ha á, títí kò fi sí àpá ibi tó wà mọ́.

Mo wá fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun gbogbo ẹ̀. Sọ́fí, ọmọ wa, dúró sẹ́yìn mi. Ó ní, "Màámi, ó ti dà bíi tuntun." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkàn mi balẹ̀ láti ọjọ́ ikú ẹ̀.

Opó mi parí nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá Làmídì ní àwọn máa bá mi ti ẹ̀rọ, pé oko Mùfútáù kò ní di igbó lójú àwọn. A gbé e dé oko. Wọ́n mú sípánà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tún àwo tò. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra irin náà lọ, wọ́n rà á bọ̀. Wọ́n gbójú sókè.

"Ìyá Sọ́fí, àwọn àmì dà?"

Mo ní, "Àmì wo, Bọ̀dá?"

"Àwọn àmì pupa. Mẹ́ta ni. Ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ àgbọn, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún ẹ̀gbẹ́ irà. Òun ló máa ń tò ó, tèmi ni kí n ṣáà máa tì í..."

Wọ́n rí ojú mi, wọ́n sọ sípánà kalẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ nínú oko. Nígbà tí mo délé, mo ṣí àpótí irinṣẹ́ ọkọ mi. Kútẹ́ẹ̀sì mi wà níbẹ̀, ó fi rágì wé e kó má bàa fọ́.

Ìyàwó kejì, àṣé ẹ̀rọ yẹn ni! Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó fẹ́ fi ohun tó ṣe hàn mí ni mo dá lóhùn pé kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe.

A ò kọ́kọ́ sọ ìrètí nù o. Bọ̀dá Làmídì ní kí n má sunkún, pé ibi tí Mùfútáù rí, àwa náà á rí i. Wọ́n fojú díwọ̀n ẹ̀, a túlẹ̀, a gbin àgbàdo. Yanrìn funfun ló jáde káàkiri bí iyọ̀. Àgbàdo yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé orúnkún tó fi pọ́n tó sì kú.

Mo wá mú ìwé Sọ́fí kan tí kò kọ tán àti rúlà ẹ̀. Tí a bá ti sún bóòtù, màá wọ̀n ọ́n, màá kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí àwo dúró sí, bó ṣe dagun tó, irú ilẹ̀ tó yí sókè. Sátidé àti Sọ́ńdè nìkan ni mo ráyè, torí mo ti padà sí VGC. Ìgbà mìíràn òjò á lé wa wọ abẹ́ igi. Ó di ìgbà keje kí ilẹ̀ dúdú tó yí padà ní ẹ̀gbẹ́ àgbọn, tó dúró sókè, tó ń dán. Mo pariwo! Bọ̀dá Làmídì náà ń fò bí ọmọdé.

Ebè méjìlá péré ni ẹ̀gbẹ́ àgbọn gbà, a sì gbin àgbàdo sí wọn. Kí a tó bọ́ sí àárín, òjò ti dá.

Bọ̀dá Gàníyù wá, bí wọ́n ṣe wí. Wọn kò pariwo, wọn kò dá àpárá. Wọ́n rin ilẹ̀ náà já, wọ́n bu yanrìn díẹ̀, wọ́n jẹ́ kó dà láàárín ìka wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo fi ìwé tí mo kọ hàn wọ́n. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òjò kan sí i.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, dìde. Ọlọ́run rí mi pé mo dúró. Ẹbí kò ní dúró mọ́." Wọ́n wo àwọn ebè méjìlá yẹn. Wọ́n ní kí n kórè wọn ná kí ẹnikẹ́ni tó wọbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, mo rí i tí wọ́n ṣí fìlà wọn tí wọ́n fi nu ojú.

Mi ò bínú sí wọn. Ta ni màá bínú sí?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù ti dé. Yanrìn funfun tí èmi tú jáde ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó.

Mo ti tú ìdè náà kúrò lára ẹ̀rọ. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Kútẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn ti gbẹ, mo pò ó pẹ̀lú asetónì díẹ̀ kó lè rọ̀, mo sì fi àmì kan sí ibi tí rúlà sọ pé ẹ̀gbẹ́ àgbọn wà. Ọ̀kan ṣoṣo. Àwọn méjì tó kù, òun nìkan ló mọ̀ wọ́n.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Tí èèyàn yín bá kú, ẹ má yára fọ ohun tó fi sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó dọ̀tí ni ìdọ̀tí. Òmíràn, ọ̀rọ̀ ni, ẹnu olóògbé ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tó wà láyé tó sì ń pè yín pé "wá wò ó", ẹ fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ẹ lọ wò ó. Yúnífọ́ọ̀mù yẹn, mi ò tiẹ̀ rántí bóyá Sọ́fí wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti nu nǹkan kan nù rí tí ẹ kò rí i gbà padà mọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ń pè yín nínú ilé báyìí, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn.