Àwòrán Tí Hamsa Dì Mọ́

Hamsa, tó ń fi kíkun ilé jẹun ní Kozhikode ní Íńdíà, ya agbábọ́ọ̀lù Ajẹntínà kan sórí pákó tó ga ju ilé lọ, ó sì nà án ró létí odò nítorí Ife Àgbáyé. Àwọn olólùfẹ́ òṣèré fíìmù kan fẹ́ gba ibẹ̀ láti na àwòrán tiwọn ró.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé pákó yín kúrò. Fíìmù wa jáde lónìí.”

“Mo wò ó láàárọ̀. Oorun ló gbé mi lọ.”

Wọ́n ki ayùn bọ ẹsẹ̀ àwòrán náà. Hamsa dì mọ́ ọn. Wọ́n fi igi lù ú títí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi ṣẹ́, kí wọ́n tó sá. Ó ní mẹ́wàá ni wọ́n. Àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn ní mẹ́ta.

Mo bá a níbi tó ti ń fọwọ́ òsì tún ẹsẹ̀ náà kùn. Mo ní ṣé fíìmù ọ̀hún burú tó bẹ́ẹ̀ ni.

“Àbúrò, ìjà inú rẹ̀ ò tó tiwa.”