Ìkọ́kọrẹ́ Tí Wọ́n Jẹ Tán Kí Wọ́n Tó Dájọ́

Òórùn ẹja kíká tí ó ń yọ láti inú ìkòkò ewùrà ni mo fi ń rántí agbo ilé wa ní Òfin, ní àkókò tí kò tíì pẹ́ tí àwọn ìlú wa para pọ̀ di Ṣàgámù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ń ti oko bọ̀, imú mi ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ìkọ́kọrẹ́ ìyàwó mi nígbà náà a máa pọ́n yòò fún epo, iyọ̀ rẹ̀ a sì máa ta mí ní ahọ́n, nítorí iyọ̀ tí ó ń gba ọ̀nà Ìkòròdú wọlé ni a fi ń mọ ilé ọlọ́lá. Mo ń jẹ ẹ́ títí ìka mi fi ń kan ìdí igbá.

Nígbà tí ó yá, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ a jìn, kì í sì í tètè kún padà. Oníṣègùn àgbà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ wò mí títí, ó ní, "Dín iyọ̀ kù, dín epo kù, bí o bá ṣì fẹ́ fi ẹsẹ̀ yìí dé oko." Mo sunkún délé, ọ̀rẹ́ mi, kì í sì í ṣe ẹsẹ̀ ni mo ń sunkún fún.

Ìyàwó mi kò bá mi sunkún. Ó lọ edé mọ́ irú wooro, ó fi ata àti ewé ẹ̀fìnrìn sí i, ó sì jẹ́ kí ẹja kíká ṣe iṣẹ́ tí iyọ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Epo tí ó dà sí i kò ju èyí tí ó lè kun ojú ewùrà lọ. "Ọkọ mi, ẹ tọ́ ọ wò ná." Mo tọ́ ọ wò, mo sì lá igbá. Ṣùgbọ́n bí wíwú náà ti ń lọ ni ara mi ń fẹ́lẹ́, èyí ni ó sì kó bá a.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ìyàwó mi ń pè ní ọkọ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, bá a ní ìdí àdògán, ó rí i pé kò fọwọ́ kan iyọ̀. Ó gbé ẹjọ́ lọ síwájú olórí ẹbí. "Iyọ̀ ni a fi sọ àbúrò mi lórúkọ. Obìnrin tí ó yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ni ó tún fẹ́ yọ? Ẹ wo bí ó ti rù." Ó fẹ́ kí a gba ìdí àdògán lọ́wọ́ ìyàwó mi, kí òun máa se oúnjẹ mi. Mo sọ ohun tí oníṣègùn wí. Wọ́n ní ẹni tí oògùn obìnrin bá ti mú kì í jẹ́rìí.

Olórí ẹbí ní kí wọ́n gbé oúnjẹ náà wá sí ojúde. Àwọn àgbà bu díẹ̀, wọ́n wo ojú ara wọn, wọ́n tún bu.

"Iyọ̀ wà níbí," ni ọ̀kan wí.

"Edé ni, Bàbá," ni ìyàwó mi dáhùn.

"Ẹ sún igbá yẹn síbí, kò tíì dá mi lójú."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wádìí títí igbá fi ṣófo. Olórí ẹbí nu ẹnu, ó ní kí ìdí àdògán má kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kì í yí ìkòkò ilé padà láìwí fún àwọn ọkọ ilé. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku.

N kò ka ìwé kọjá ABD, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí ó jẹun tán kò yẹ kí ó tún dá alásè lẹ́bi. Lónìí, kò sí àdògán kan ní agbo ilé wa tí a kì í ti í sè é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ń sọ fún àlejò pé ọwọ́ ìyá wa ni òun ti kọ́ ọ. Ìyàwó mi a rẹ́rìn-ín, a ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ." Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú àwọn tí ó bù ú lọ́jọ́ náà, tí ó bá ṣì wà láyé, dìde ní ojúde kan náà, kí ó ní ìyàwó mi kò jẹ̀bi. Adùn tí mo rò pé ti iyọ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà. Ẹsẹ̀ tí mo sì fi ń lọ sóko lónìí, orúnkún rẹ̀ ni ó fi rà á.