Awó Tí Adìẹ Wò Dàgbà

Mo ṣì kéré gan-an, mi ò tíì lè ru iṣu bọ̀ láti oko, nígbà tí bàbá mi rí ìtẹ́ awó níbi tí wọ́n ti ṣán igbó tí wọ́n sì ń sun ún lójú ọ̀nà Ifisin. Iná ti jó ìtẹ́ náà. Ẹyin kan ṣoṣo ló yè, wọ́n sì fi fìlà gbé e wá fún ìyá àgbà, ìyá tó bí wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n: láyé ìgbà náà, ẹni tó bá rí ẹyin awó lóko, abẹ́ àgbébọ̀ tó ń sàba ló máa ń fi í sí, kí awó lè di ohun ọ̀sìn.

Ó pa lóòótọ́, akọ sì ni. Abẹ́ ìyẹ́ kan náà lòun àtàwọn òròmọdìẹ jọ ń sùn. Ó ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tí a ń sìn lọ. Ìyá àgbà náà fọkàn sí i púpọ̀. Kòkó ti ń gba igbó wa, awó sì ti ń di ohun tí à ń wá tì. Wọ́n fẹ́ kí ó bí sí àgbàlá wa kí ti igbó tó tán.

Nígbà tó dàgbà tán, wọ́n lọ gba abo awó wá fún un lọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Ayédé. Inú mi dùn bí ìgbà tí à ń gbé ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó kò tilẹ̀ wò ó. Àwọn àgbébọ̀ ló ń ṣe fáàrí fún, àwọn ló ń ṣa kòkòrò fún, wọ́n sì ń sá fún un. Bí abo bá sún mọ́ ọn, á dìde lọ.

Mo bi ìyá àgbà pé kí ló dé tí kò fẹ́ ẹ.

"Adìẹ ló kọ́kọ́ rí láyé, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ulé adìẹ lọkàn rẹ̀ wà. Kò mọ̀ pé awó lòun."

Abo yé ẹyin sẹ́bàá àká, ó sàba lé e títí ó fi rù kan egungun. Ọ̀kankan kò pa. Nígbà tí ìyá àgbà fọ́ ẹyin wọ̀nyẹn, tí wọn ò rí ọmọ kankan nínú rẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì sunkún. Mi ò rí ẹkún wọn rí ṣáájú ọjọ́ náà.

Orí igi ni awó máa ń sùn, abo sì ń gun igi ọsàn wa. Akọ tèmi kò gùn ún. Ẹnu ọ̀nà ilé adìẹ ló ń sùn sí, torí bó bá wọlé, gbogbo adìẹ á tú jáde. Ibẹ̀ ni ẹtà ti gbé e lọ. Ìyẹ́ rẹ̀ nìkan la bá láàárọ̀. Abo náà fò lọ, kò padà mọ́.

Lónìí, páálí ni wọ́n fi ń kó òròmọdìẹ wá láti Adó. Ẹ̀rọ ló pa ẹyin wọn, wọn ò mọ ojú ìyá kankan. Igbó yẹn ti di ilé. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi tó wá láti Ìbàdàn fi àwòrán awó hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n fẹnu ké bí awó fún òun. Mo la ẹnu, ẹkún ló jáde.